Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ọmọ àrọ̀ onírù pupa

Ẹ̀yin ọ̀gá mi tẹ́ ẹ ń ta ẹja ọ̀ṣọ́, níbi yòówù kẹ́ ẹ wà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọwọ́ lómi. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí, omi wà láti pààrọ̀, fílítà wà láti fọ̀, ọmọ oníbàárà kan sì tún wà níbẹ̀ tó ń gbá gíláàsì pá-pá-pá bẹ́ẹ̀ ẹ ti kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé kẹ́nikẹ́ni má gbá a. Ẹ ṣáà bá mi fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹja kan ṣoṣo ló gbé mi dé ibí. Lọ́jọ́ tí mo rà á kò gùn ju ìka àárín mi lọ, lọ́jọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ mi ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó apá mi láti èjìká dé ọmọ-ìka, ó sì ṣì ń dàgbà lọ ni o, kò tíì sọ pé ó tó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi ná, kó má dà bíi pé ẹ̀yin nìkan ni mò ń nàka sí. Fóònù wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Mo lè tẹ orúkọ ẹja yẹn sí Google kí n tó sanwó, ìṣẹ́jú kan ò ní kọjá. Mi ò ṣe é. Fídíò ni mo fi fóònù yà, torí ẹja yẹn rẹwà ju kéèyàn máa ronú lọ: ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú, ìlà funfun kan gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ láti ẹnu lọ bíi pé wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fà á, ìrù ẹ̀ pupa fòò, irùngbọ̀n mẹ́fà sì ń tọ ilẹ̀ tánkì wò bíi pé nǹkan ẹ̀ kan sọnù síbẹ̀. Ó dúró níwájú mi, ó ń wò mí. Mo ní èyí ti di tèmi.

Mo béèrè ìbéèrè kan ṣá o. Mo ní "Ṣé ẹja yìí máa ń tóbi?" Ẹni tó tà á fún mi (mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é) ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ń so ẹnu ọ̀rá, ó ní "Á tóbi díẹ̀, àmọ́ bí tánkì ẹ bá ṣe tó náà ló máa tó, má dààmú." Díẹ̀! Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ "díẹ̀" yẹn gan-an ni mò ń kọ lẹ́tà yìí sí, ẹ̀yin lẹ kàn máa bá mi jíṣẹ́ fún un.

Torí nígbà tí mo wá tẹ orúkọ ẹ̀ wò, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tó ti pẹ́ jù, ohun tí mo rí nìyí. Phractocephalus hemioliopterus ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é, ọmọ odò Amazon ni, ó tún wà ní Orinoco àti Essequibo ní Gúúsù Amẹ́ríkà níbẹ̀. Ó máa ń gùn ju mítà kan lọ, wọ́n sì ti rí èyí tó wọn kílò 40 ó lé. Ọmọ ọdún 12 ló ń wọn bẹ́ẹ̀ o, ọmọ èèyàn! Ó lè lo ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ láyé. Ìyẹn ni pé ọmọ tó bá bá a nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i lè wọ yunifásítì kí ẹja yẹn tó kú. Èwo ni díẹ̀ nínú gbogbo èyí?

Alága lorúkọ tí mo sọ ọ́, torí bó ṣe máa ń jókòó sáàárín tánkì tí gbogbo àwọn yòókù á fà sẹ́yìn fún un. Tánkì tí mo ní nígbà yẹn gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, mo sì rò pé mo ti gbìyànjú. Ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ló bá nílé. Ọ̀sẹ̀ kejì, méje. Mo ní bóyá ó fò jáde ni, mo wá a lábẹ́ tábìlì, mo gbé kábọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, mi ò rí òkú ẹja. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, márùn-ún. Ó tó ku méjì kí n tó wá ronú wo ikùn Alága, ikùn rí ribiti bíi tẹni tó ti jẹun lálẹ́ tó tún jẹ tòru, ìrù ẹja kékeré kan sì ṣì yọ lẹ́nu ẹ̀ bíi chewing stick. Kì í ṣe ìkà o. Bí ẹnu ẹ̀ ṣe gba nǹkan náà ló ṣe ń gbé e mì, bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó orí ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ máa sọ pé ẹja tó bá wọ ẹnu ẹ̀, oúnjẹ ẹ̀ ni, kì í ṣe aládùúgbò ẹ̀.

Mo ń fi tẹ́ẹ̀pù wọ̀n ọ́n láti ìta gíláàsì, mo ń kọ ọ́ sínú fóònù. Oṣù mẹ́fà, sẹ̀ǹtímítà 28. Ọdún kan, 45. Mo ra tánkì tó tóbi sí i, sẹ̀ǹtímítà 180 ní gígùn, 60 ní ìbú, 60 ní gíga, lítà 648 nìyẹn tí omi bá kún un, omi nìkan ti tó kílò 650 kéèyàn tó ka gíláàsì àti òkúta àti irin tó gbé e dúró, mo sì ń gbàdúrà lórí ilẹ̀ ilé tí mo gbé e lé. Ọdún méjì, 66. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe ìṣirò yẹn fún ara yín: ẹja sẹ̀ǹtímítà 66 nínú tánkì tí ìbú ẹ̀ jẹ́ 60. Kó tó lè yí padà, ó ní láti ká ara ẹ̀ bíi lẹ́tà C, á fi imú họ gíláàsì níbí, á fi ìrù gbá a lọ́hùn-ún, á wá na ara tán, ó ti dé ògiri kejì. Ní gbogbo òru ni mo máa ń gbọ́ ọ, dùù, á tún dákẹ́, dùù. Imú ẹ̀ bó. Mo ń wo imú tó bó yẹn láràárọ̀ kí n tó jáde nílé.

Ọ̀rọ̀ pé ẹja máa ń mọ bí tánkì ṣe mọ, ẹ bá mi pa á tì. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ló sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà. Wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, òótọ́ ni, àmọ́ ìrókò ló ní ẹ̀ka, ẹja ò ṣe é pẹ̀ka. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú tánkì kékeré ni pé ìdọ̀tí ara ẹja á pọ̀ ju omi lọ, májèlé á máa ba ara ẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìdàgbà ẹ̀ á fà sẹ́yìn, egungun ẹ̀yìn ẹ̀ lè wọ́, àwọn nǹkan inú ẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́ dáadáa, á sì kú kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé. Ẹja tó ti kú kì í tóbi mọ́. Èmi ò tíì rí ẹ̀rí mìíì lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ pé tiwọn ò tóbi.

Ọ̀rọ̀ omi wá ni iṣẹ́ gan-an, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fi í ṣe fídíò. Ẹja tó ń jẹ ẹran, èròjà pùrótéènì ló ń jẹ látàárọ̀ dalẹ́, pùrótéènì yẹn tó bá ti lò ó tán, amóníà ló ń dà, ó sì ń tú u sínú omi láti ibi tó ti ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Amóníà ń pa ẹja. Àwọn bakitéríà kan tó ń gbé inú fílítà ló ń sọ ọ́ di náítíráìtì, èyí náà ṣì jẹ́ májèlé, àwọn mìíì á tún sọ ìyẹn di náítíréètì, èyí tára ẹja lè gbà díẹ̀, àmọ́ tí kì í lọ fúnra ẹ̀, àfi kéèyàn da omi nù kó bu tuntun. Ẹja kékeré mẹ́wàá, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ ti tó. Alága ńkọ́? Ìdajì tánkì lọ́sẹ̀, lítà 324. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mi gba lítà 15. Ìgbà 22 ni mo ń gbé e jáde, ìgbà 22 ni mo tún ń gbé e wọlé, tuntun yẹn gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo gbọ́dọ̀ da oògùn tó ń pa kílórínì sí i, torí kílórínì inú omi ẹ̀rọ ń jó ẹja, ó sì ń pa bakitéríà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn. Ẹ̀yìn mi ò tíì padà sípò. Tí iná bá wá lọ fún wákàtí mélòó kan ńkọ́, fílítà dúró, bakitéríà ò rí atẹ́gùn, wọ́n ń kú lọ, ẹja ń mí gúlegúle lókè omi, èmi náà ń mí gúlegúle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ti tẹmómítà. Tẹmómítà kékeré kan ni, ti gíláàsì, tó ní rọ́bà tó fi ń lẹ̀ mọ́ tánkì. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo wo ibi tó máa ń wà, òfo. Mo wo ilẹ̀ tánkì, òfo. Mo wo Alága, Alága wo ibòmíì. Ọjọ́ méjì ni kò jẹun, ó kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń yanu ó ń pa á dé, èmi náà ò lè sùn torí mo ti kà á pé àrọ̀ yìí máa ń gbé òkúta mì, á gbé hítà mì, rọ́bà fílítà, ohunkóhun tó bá ṣáà ti wọ ẹnu ẹ̀, pé tó bá há sínú ẹ̀ iṣẹ́ abẹ ló kù tàbí ikú. Tí gíláàsì yẹn bá fọ́ nínú ẹ̀ ńkọ́? Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ní nǹkan bí aago márùn-ún, mo gbọ́ ariwo kan, ó gbọn orí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pọ tẹmómítà jáde, odidi, kò sán, rọ́bà ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú tánkì, mo rẹ́rìn-ín, mo tún fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé ó gbọ́dọ̀ lọ.

Àmọ́ ibo ló máa lọ? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kàn yín, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ó ní òun kì í gba ẹja padà, pàápàá èyí tó ti tóbi, òun ò ní àyè. Ẹ gbọ́ o, ẹni tó ń ta ẹja ò ní àyè, èmi tí mò ń gbé nínú yàrá ni wọ́n rò pé mo ní. Mo kọ̀wé sí àwọn ibi ìwòran ẹja ńlá, ibi méjì dáhùn, wọ́n ṣe sùúrù fún mi dáadáa, wọ́n ní àrọ̀ onírù pupa tí wọ́n ní ti pọ̀ jù, pé lemọ́lemọ́ ni irú lẹ́tà mi ń dé. Mo kọ ọ́ síta pé mo fẹ́ fi tọrẹ, ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó pè mí béèrè pé báwo ni ẹran ara ẹ̀ ṣe ń rí lẹ́nu.

Ìgbà tó sú mi tán, ẹnì kan ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ tú u sódò. Ó sọ ọ́ bíi pé àánú ló ń ṣe ẹja yẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó ti ra ẹja lọ́wọ́ yín ló ṣe bẹ́ẹ̀, torí odò kì í kọ ẹja. Tó bá jẹ́ ibi tí òtútù ti ń mú, ẹja ilẹ̀ olóoru yẹn á kú nígbà òtútù àkọ́kọ́, ikú ọ̀hún á sì pẹ́. Tó bá jẹ́ ibi tó gbóná, àwọn ẹja tó wà nínú odò yẹn tẹ́lẹ̀ ló máa sanwó ẹ̀. Ní 1967, ẹja apanijẹ kan tí wọ́n ń pè ní peacock bass dénú adágún Gatun ní Panama, kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún díẹ̀ ni, púpọ̀ nínú àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ibẹ̀ ti dàwátì. Ní 2002, nítòsí ìlú Crofton ní Maryland, Amẹ́ríkà, wọ́n rí ẹja apanijẹ mìíì, snakehead, nínú adágún kékeré kan. Ẹnì kan ló ní méjì nínú tánkì nílé, wọ́n tóbi jù fún un, ó tú wọn síbẹ̀. Méjì péré o! Nígbà tí ìjọba fi máa da oògùn apẹja sínú adágún yẹn, ọmọ tí wọ́n kó níbẹ̀ lé ní 1,000, ọdún yẹn náà ni Amẹ́ríkà fòfin de gbogbo ìdílé snakehead pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kó wọn wọlé. Japan fòfin de àwọn gar, ẹja apanijẹ ẹlẹ́nu gígùn, ní 2018. Ní Ṣáínà lọ́dún 2022, ní ìlú Ruzhou, wọ́n fa omi odidi adágún kan gbẹ torí alligator gar méjì. Ẹ fojú inú wo ẹ̀rọ tó ń fa omi tọ̀sántòru, èrò tó dúró wòran, gbogbo ẹ̀ torí ẹja tó ṣeé ṣe kẹ́nì kan ti gbé délé nínú ọ̀rá lọ́jọ́ kan.

Alága nìkan kọ́ ni mò ń sọ. Mo ti padà lọ wo tánkì títà láìmọye ìgbà látìgbà yẹn, mi ò fẹ́ rà, mo kàn ń ka orúkọ. Alligator gar tó gùn bíi pẹ́ńsù ń sùn lábẹ́ ewé, bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n mú ní Mississippi lọ́dún 2011 wọn kílò 148. Arapaima náà wà níbẹ̀, ẹja tó lè gùn tó mítà mẹ́ta, tó ní láti máa yọrí sókè mí bíi tiwa, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 20 síra. Wọ́n kọ "shark" sára ọmọ pangasius torí lẹbẹ ẹ̀yìn ẹ̀, shark kọ́ rárá, àrọ̀ ni, láti odò Mekong, agbo ló fi ń rìn, ẹ̀rù sì máa ń tètè bà á débi pé tẹ́nì kan bá tan iná lójijì á sáré kọlu gíláàsì títí orí ẹ̀ á fi ṣẹ̀jẹ̀. Pacu ni wọ́n ń tà fáwọn tó fẹ́ piranha ẹléyín mímú, nígbà tó bá wà ní kékeré wọ́n jọra, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló máa di àwo fẹ̀ǹfẹ̀ pẹ̀lú eyín tó dà bíi tèèyàn. Arowana sì ń fò! Nínú igbó tí odò Amazon ti bò, kòkòrò tó wà lórí ẹ̀ka ló ń fò mú, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìdérí tánkì ló wà lókè ẹ̀ báyìí. Ti Éṣíà tiẹ̀ ní òfin tiẹ̀, àti 1975 ló ti wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí títa ẹranko tó lè run tán, níbi tó le jù, èyí tí wọ́n sìn lóko tó forúkọ sílẹ̀, tó ní máíkírọ́ṣíìpù (ohun ìdánimọ̀ tíńtín) lára, nìkan ni wọ́n lè tà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì. Ẹ kíyè sí i: ẹja tí owó ẹ̀ ga, gbogbo èèyàn ló mọ ìwé ẹ̀ sórí. Alága, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ họ́mónù mú ìyá ẹ̀ yé ẹyin lóko tí ọmọ fi pọ̀ rẹpẹtẹ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ju "díẹ̀" lọ.

Ẹ wá bá mi sọ fáwọn tó ń ra ọmọ goldfish láàyè lọ́wọ́ yín láti fi bọ́ ẹja apanijẹ nítorí fídíò, pé nǹkan kan wà nínú ẹran ara goldfish tó ń jẹ fítámì B1 run, tó bá pẹ́ ẹja tó ń jẹ ẹ́ á ṣàárẹ̀, ká má tíì sọ ti àìsàn tó máa kó wọlé. Èdé àti ẹran ẹja tó mọ́ àti oúnjẹ ẹja oníwóró tí wọ́n ń tà, ó tó wọn jẹ. Fídíò yẹn á kàn kù díẹ̀ káàtó ni, kò burú.

Ǹjẹ́ mò ń sọ pé kẹ́ ẹ máà tà wọ́n mọ́? Tó bá jẹ́ arapaima àti gar, bẹ́ẹ̀ ni, èmi ò rí ilé tó yẹ wọ́n. Tó bá jẹ́ àwọn tó kù, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ torí mo ti rí ẹni tó ń sin wọ́n dáadáa, màá dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kéré. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ orúkọ ẹja sára tánkì, ẹ kọ bó ṣe máa gùn tó tó bá dàgbà síbẹ̀ pẹ̀lú, kẹ́ ẹ kọ ọ́ tóbi bí iye owó ẹ̀ ṣe tóbi. Tẹ́nì kan bá sì nàka sí ọmọ àrọ̀, kẹ́ ẹ tó ki nẹ́ẹ̀tì bọ omi, ẹ bi í pé: "Ibo lẹja yìí máa sùn lọ́dún mẹ́ta òní?" Ẹ kàn bi í, kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹni tó bá ní ìdáhùn á dáhùn. Èmi ì bá ti dákẹ́, ì bá sì ti sàn fún àwa méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá wá mọ̀ pé ẹ̀ ń tà á, ẹ ṣètò bẹ́ ẹ ṣe máa gbà á padà, kódà kẹ́ ẹ gbowó lọ́wọ́ wa, a máa san án, mo fi dá yín lójú pé lọ́dún kejì kò sí iye tẹ́ ẹ pè tí a ò ní san.

Ẹ tún lè máa júwe àwọn kékeré fún wọn. Ẹni tó ń wá apanijẹ, kì í ṣe títóbi ló ń wá, ìwà ọdẹ ló ń wá, ó kàn lè má mọ̀. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní leaf fish, Monocirrhus polyacanthus, Amazon yẹn kan náà ló ti wá, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Á dorí kodò láàárín omi, á máa léfòó lọ bí ewé gbígbẹ, kódà nǹkan kékeré kan yọ níbi àgbọ̀n ẹ̀ bíi igi ewé, ẹja wẹ́wẹ́ á máa kọjá lọ láìfura, ẹnu ẹ̀ á ṣí lójijì, ó ti tán, ewé ti padà di ewé. Butterfly fish ti Áfíríkà náà wà, kò ju sẹ̀ǹtímítà 13, abẹ́ ojú omi ló ń lúgọ sí de kòkòrò. Èyí tó ń pa ìgbín, pea puffer, kò tó ìka àtàǹpàkò, àmọ́ ojú tó fi ń wo èèyàn ju tAlága lọ.

Mo ní màá dé orí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sin wọ́n dáadáa. Òun ló gba Alága. Adágún ló ní, abẹ́ òrùlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà, fílítà ẹ̀ nìkan tóbi ju gbogbo tánkì mi lọ, omi gbóná lọ́sàn-án lóru, àrọ̀ mẹ́ta tí àwọn ẹlòmíì náà ti sú ló ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ wọn, pé òun kàn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá ni, ó sì ti sọ fún mi pé èyí ni ìkẹyìn. Èèyàn méjì ló gbé Alága, aṣọ tútù la fi dì í, ó ń dún nígbà tá a gbé e kúrò lómi, gìrọ̀-gìrọ̀, ohùn tí mi ò mọ̀ pé ẹja ní. A tú u sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ó dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ síwájú, bóyá mítà kan, ó dúró, ó ká ara ẹ̀ bíi lẹ́tà C bó ṣe máa ń ṣe, kò sì sí ògiri níbẹ̀ tó máa gbá. Ó tún lọ. Ó lọ títí mi ò fi rí ìrù pupa yẹn mọ́.

Tẹmómítà yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi, ó ṣì ń ka ooru dáadáa, àmì eyín wà lára rọ́bà ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ nínú yín kó sọ fún mi, màá ya fọ́tò ẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ tánkì tí àwọn ọmọ àrọ̀ wà, níbi tẹ́ ẹ máa ń kọ iye owó sí.

Èmi ni,
ẹni tẹ́ ẹ sọ fún pé díẹ̀ ló máa tóbi